Adékúnlé Fájuyì (1926–1966): Ológun Alámì-Ẹ̀yẹ Tí Kò Fi Àlejò Rẹ̀ Sílẹ̀

Bí ènìyàn bá ti Igbemo-Èkìtì wọ ọkọ̀ lọ sí Adó-Èkìtì láti ra ọjà tàbí láti lọ ṣe ètò kan ní ọ́fíìsì ìjọba, kò ní pẹ́ lẹ́yìn tí ó bá wọ ìlú tí yóò fi gbọ́ orúkọ kan lẹ́nu awakọ̀ àti ọlọ́kadà: “Fájuyì! Ta ló ń sọ̀kalẹ̀ ní Fájuyì?” Orúkọ ibùdókọ̀ ni orúkọ yìí jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn báyìí. Àwa fúnra wa ti bi àwọn ọ̀dọ́ ìjọ léèrè ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní gómìnà ni, àwọn kan ní sójà ni, àwọn mìíràn sì ní àwọn kò mọ̀ ju ère rẹ̀ tí ó wà ní Adó lọ. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó.

Nítorí náà ni a ṣe rò ó pé ó yẹ kí a to ìtàn ìgbésí ayé Ológbèé Kọ́nẹ́ẹ̀lì Francis Adékúnlé Fájuyì lẹ́sẹẹsẹ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá fún àwọn olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ń wá ohun tí wọn yóò sọ nígbà tí àyájọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun bá kò wá lójú. Ìjọba fi àmì ẹ̀yẹ méjì dá a lọ́lá nígbà ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí orúkọ rẹ̀ fi wà láàyè títí di òní kì í ṣe ọ̀kankan nínú àmì ẹ̀yẹ méjèèjì. Ohun tí ó ṣe nínú ilé ara rẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn alágbára wá gba àlejò lọ́wọ́ rẹ̀, ni.

Ìbí àti ìgbà èwe rẹ̀

Ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 1926 ni a bí Adékúnlé Fájuyì ní Adó-Èkìtì. Ní àkókò náà, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ilẹ̀ wa wà, ilé ìwé kò sì pọ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ni ó ń dá ọ̀pọ̀ nínú ilé ìwé sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwé yóò gba ẹnu ọ̀nà ìjọ kọjá. Ilé ìwé Kátólíìkì ti St. George ní Adó-Èkìtì ni Fájuyì ti kàwé. Lẹ́yìn èyí, ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti dàgbà yóò rántí ipò tí tíṣà wà ní ilẹ̀ Èkìtì nígbà náà. Òun ni ó ń ka lẹ́tà fún àwọn àgbà, òun ni ó ń kọ èsì, òun náà ni ó sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ìjọ. Iṣẹ́ ọlọ́wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọkàn ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ó wọ iṣẹ́ ológun. Kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ.

Àmì ẹ̀yẹ kìn-ín-ní: ìjà nítorí oúnjẹ

Ọmọ ogun lásán ni Fájuyì nígbà tí ó wọlé, kì í ṣe ọ̀gá. Inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ni ó wà, ní ẹ̀ka tí ó ń bójú tó fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ ogun. Iṣẹ́ tí ó gba làákàyè ni. Ẹni tí kò bá mọ ìwé dáadáa kò lè ṣe é, ẹni tí kò bá sì lè pa ẹnu mọ́ kò yẹ ní ibẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó gòkè títí ó fi di sájẹ́ǹtì.

Ní ọdún 1951, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal. Ohun tí ó fà á yẹ kí a fiyè sí. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀ka rẹ̀ bínú nítorí oúnjẹ tí a ń pín fún wọn, ìbínú náà sì di ọ̀tẹ̀. Sájẹ́ǹtì Fájuyì wà lára àwọn tí ó pa iná ọ̀tẹ̀ náà kí ó tó di ohun tí apá kò ká mọ́. Ẹni tí ó ti gbé láàárín àwọn ọmọ ogun rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí ebi ń pa tí ó sì ní ìbọn lọ́wọ́ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fọkàn tán. A rí i níbẹ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọkàn tán an.

Láti ọmọ ogun lásán dé ipò ọ̀gá

Ní oṣù Keje ọdún 1954, wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà ni ó jáde níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ọdún 11 ni ó ti lò nínú iṣẹ́ kí èyí tó dé bá a, ó sì ti pé ọmọ ọdún 28.

Ní àkókò náà, àwọn òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀gá ológun tí ó wà ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n dé ipò náà kò pọ̀ rárá. Àwọn tí wọ́n sì ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n gbé ẹrù, tí wọ́n ṣọ́ òru, tí wọ́n sì jẹ oúnjẹ tí kò dùn pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun yòókù kí wọ́n tó di ọ̀gá, ní ìmọ̀ kan tí ilé ẹ̀kọ́ kì í kọ́ni. Ọ̀kan nínú wọn ni Fájuyì.

Kóńgò àti àmì ẹ̀yẹ kejì

Ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 1960 ni orílẹ̀-èdè Kóńgò gba òmìnira lọ́wọ́ Bẹ́ljíọ̀mù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìlú fi dàrú. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, Moise Tshombe kéde pé agbègbè Katanga, níbi tí ọrọ̀ inú ilẹ̀ pọ̀ sí, ti ya kúrò. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán àwọn ọmọ ogun láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè lọ síbẹ̀ láti pẹ̀tù sí aáwọ̀ náà. Nàìjíríà náà gba òmìnira tirẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, nígbà tí ó sì di oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọ ogun wa ti gúnlẹ̀ sí Kóńgò. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì pé oṣù méjì ni ó ń rán ọmọ rẹ̀ lọ parí ìjà ilé onílé.

Mejọ̀ ni Fájuyì nígbà náà, òun ni ó sì ń darí ikọ̀ C nínú Bàtálíọ̀nù Kẹrin ti Nàìjíríà. Ní ọdún 1961, ní àríwá Katanga, àwọn ọ̀tá ba dè wọ́n lójú ọ̀nà. Fájuyì kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yọ nínú ibùba náà. Nítorí èyí àti àwọn iṣẹ́ mìíràn tí ó ṣe ní agbègbè náà ni a ṣe fún un ní àmì ẹ̀yẹ Military Cross.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí àmì ẹ̀yẹ yìí jẹ́. Ọdún 1914, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá a sílẹ̀. Agbélébùú fàdákà ni, tí a so kọ́ rìbọ́ọ̀nù funfun tí ìlà elésè àlùkò gba àárín rẹ̀ kọjá. Ní àkókò Fájuyì, àwọn ọ̀gá ológun láti ipò mejọ̀ sí ìsàlẹ̀ ni a máa ń fún, fún ìgboyà tí wọ́n bá fi hàn lójú ogun lórí ilẹ̀. British Empire Medal ní tirẹ̀ wà fún àwọn tí wọn kò tíì dé ipò ọ̀gá. Bí a bá gbé àmì ẹ̀yẹ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n ń sọ ìtàn ìrìn-àjò ọkùnrin kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọ́n sì ń sọ ohun kan náà nípa ìwà rẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ fún pípa ọ̀tẹ̀ láàárín àwọn ará rẹ̀. Èkejì jẹ́ fún mímú àwọn ọmọ ogun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ jáde láàyè.

Nígbà tí ó ti Kóńgò dé, ó di olórí Bàtálíọ̀nù Kìn-ín-ní ní Enugu. Ọmọ Adó-Èkìtì ni ó ń gbé láàárín àwọn ará Ìlà-Oòrùn nígbà náà, tí ó ń darí ọmọ ogun láti gbogbo ẹ̀yà. Ipò yìí ni ó wà títí tí ó fi kù díẹ̀ kí ọdún 1966 wọlé, nígbà tí a gbé e lọ sí Abẹ́òkúta.

Gómìnà ní àkókò ìdààmú

Kí a tó lè mọ irú ẹrù tí ó bọ́ sí orí Fájuyì, a ní láti rántí bí ilẹ̀ wa ti rí. Láti ọdún 1962 ni ìjà ti wà nínú ìṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn. Lẹ́yìn ìbò oṣù Kẹwàá ọdún 1965, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé a yí, iná sọ. Àwọn àgbà tí wọ́n wà láyé nígbà náà kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà “wẹ́tìẹ̀”: wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ènìyàn lára, wọ́n ń dáná sun ilé, ará ilé kan náà sì ń ṣọ́ ara wọn bí ọ̀tá.

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1966, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan dìtẹ̀ láti gba ìjọba. Wọ́n pa Olórí Ìjọba, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa. Wọ́n pa Alhaji Ahmadu Bello ní Kaduna àti Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ológun mélòó kan. Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi ni ìjọba bọ́ sí lọ́wọ́. Ó yan gómìnà ológun mẹ́rin: Hassan Katsina fún Àríwá, Odumegwu Ojukwu fún Ìlà-Oòrùn, David Ejoor fún Àárín Ìwọ̀-Oòrùn, àti Adékúnlé Fájuyì fún Ìwọ̀-Oòrùn. Báyìí ni ọmọ tíṣà Adó ṣe di gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, nínú ilé tí èéfín wẹ́tìẹ̀ kò tíì kúrò ní àyíká rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà àti ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó lò níbẹ̀. Àkókò náà kúrú púpọ̀, a kò sì fẹ́ máa fi iṣẹ́ tí kò ṣe dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ti ń rọlẹ̀, ibòmíràn ń gbóná. Nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣáájú ìdìtẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní jẹ́ ọmọ Ígbò, tí púpọ̀ nínú àwọn tí a pa sì jẹ́ ará Àríwá, ìbínú gba ọkàn àwọn ọmọ ogun Àríwá. Nígbà tí Ironsi fi òfin 34 ti ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, pa ìjọba ẹlẹ́kùnjẹkùn rẹ́, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Àríwá, a sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ Ígbò. Ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ni Fájuyì pé ọmọ ogójì ọdún. Oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́ta ni ó kù fún un láyé.

Àlejò tí ó dé sí Ìbàdàn

Ọ̀gágun Ironsi ń rìn káàkiri orílẹ̀-èdè láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, ọdún 1966, ó dé sí Ìbàdàn láti bá àwọn ọba àti ìjòyè ṣe ìpàdé. Fájuyì ni ó gbà á lálejò, inú Ilé Ìjọba ní Agodi ni ó sì wọ̀ sí.

Ní òru ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun dìtẹ̀ ní bárékè Abẹ́òkúta, wọ́n sì pa àwọn ọ̀gá kan níbẹ̀. Ìròyìn náà tàn dé Ìbàdàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn sójà lábẹ́ Mejọ̀ Theophilus Danjuma ti yí Ilé Ìjọba ká. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29, wọ́n mú olórí ìjọba àti gómìnà tí ó gbà á lálejò. Wọ́n kó wọn gba ọ̀nà tí ó lọ sí Ìwó, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì nínú igbó ní agbègbè Lálúpọn. Ọ̀kan nínú àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Ironsi, Andrew Nwankwo, tí wọ́n kó mọ́ wọn, rí ọ̀nà sá mọ́ wọn lọ́wọ́, òun sì ni ó wá di ẹlẹ́rìí ohun tí ojú wọn rí.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ, àti ohun tí ó dúró

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń sọ ọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá pé Fájuyì sọ fún àwọn tí ó wá mú Ironsi pé bí wọn yóò bá mú àlejò òun, kí wọ́n mú òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá wa ní Èkìtì, bẹ́ẹ̀ sì ni a ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa.

Òtítọ́ kò fẹ́ ká pa ohun kan mọ́. Àwọn kan wà tí wọn kò gba ìtàn náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn sójà náà ń wá Fájuyì fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní. Adéwálé Adémóyèga, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe ìdìtẹ̀ náà, sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Why We Struck, tí ó jáde ní ọdún 1981, pé àwọn bá Fájuyì sọ̀rọ̀ ṣáájú, ó sì gba àwọn nímọ̀ràn. Nítorí náà, ni wọ́n ṣe ń sọ pé kò sí ọ̀rọ̀ fífi ara ẹni rúbọ níbẹ̀, pé wọn ìbá pa á bí kò tilẹ̀ gba àlejò kankan.

A ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, ohun tí a sì rí nìyí. Danjuma, tí ó kó àwọn sójà wọlé, tí kò ní ìdí kankan láti pọ́n Fájuyì lé, ti sọ ìtàn òwúrọ̀ náà fún aráyé ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ó ní nígbà tí òun sọ fún Fájuyì pé olórí ìjọba ni àwọn wá mú, Fájuyì bèèrè ìlérí lọ́wọ́ òun pé a kì yóò ṣe é ní ibi. Ó ní òun ṣe ìlérí náà, ṣùgbọ́n àwọn sójà já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹnu ẹni tí ó wá mú wọn ni ó ti jáde. Ìbọn yí ilé ká. Ọkùnrin tí ó jáde wá náà mọ ohun tí ọ̀tẹ̀ àwọn ọmọ ogun jẹ́, nítorí láti ọdún 1951 ni ó ti bá a pàdé. Ààbò àlejò rẹ̀ ni ó ń bèèrè. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn sójà náà ń wá òun pẹ̀lú, èyí kò dín ohun tí ó ṣe kù, ó fi kún un ni. Ẹni tí ikú ń wá kiri, tí ó sì ń lo ẹ̀mí ìkẹyìn rẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀. A lè máa jiyàn lórí gbólóhùn tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àwọn ohun mẹ́ta kan kò ní iyàn nínú: ó gba àlejò, ó bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí àlejò náà, ó sì kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ọmọ Ígbò ni àlejò náà. Ọmọ Yorùbá ni onílé. Ní ọdún tí ẹ̀yà ń pa ẹ̀yà, Fájuyì kò bèèrè èdè tí àlejò rẹ̀ ń sọ kí ó tó dúró tì í. Ó dùn wá nígbà tí a bá gbọ́ tí àwọn kan ń fi ikú rẹ̀ ṣe gbèsè tí ẹ̀yà kan jẹ ẹ̀yà kejì, tí àwọn mìíràn sì ń ta kò ó kí wọ́n má baà jẹ gbèsè náà. Àlejò kì í ṣe gbèsè. Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ̀sín ni kí a fi ẹni tí ó sùn sábẹ́ òrùlé wa lé àwọn apànìyàn lọ́wọ́, ìyẹn ni Fájuyì sì kọ̀.

Ìsìnkú rẹ̀

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù mẹ́fà tí ìjọba kò fi sọ ní gbangba pé àwọn méjèèjì ti kú. Yakubu Gowon ti gba ìjọba ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ, ọdún 1966. Ọmọ Ìyìn-Èkìtì, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Robert Adéyínká Adébáyọ̀, sì ti jókòó sí ipò Fájuyì ní Ìbàdàn. Èkìtì ni ó kú, Èkìtì náà ni ó sì rọ́pò rẹ̀. Ìyìn àti Igbemo wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà lónìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa rárá.

Lẹ́yìn ìpàdé tí àwọn olórí ológun ṣe ní Aburi ní ilẹ̀ Ghana ní ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 5, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1967, ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ikú náà. Nínú oṣù kan náà ni a sin Ironsi ní Umuahia pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ológun, tí a sì sin Fájuyì ní Adó-Èkìtì, ìlú tí a bí i sí. Ẹ ro bí ó ti rí fún opó àti àwọn ọmọ láti dúró láti oṣù Keje títí di oṣù Kìn-ín-ní, tí wọn kò rí òkú, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn ní gbangba pé kí wọ́n sunkún. Ó yẹ kí èyí wà lọ́kàn ẹni tí ó bá ń gbàdúrà fún ìdílé àwọn ọmọ ogun. Ní oṣù Keje ọdún 1967, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ó sì gba oṣù 30.

Ogún tí ó fi sílẹ̀

Orúkọ rẹ̀ wà káàkiri ilẹ̀ wa. Ọgbà ìrántí Fájuyì wà ní Adó-Èkìtì, tí ó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1996. Ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Bárékè ńlá tí ó wà ní Odogbo ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, títì kan sì wà nínú ìlú Ìbàdàn bákan náà. Ní oṣù Keje ọdún 2016, nígbà tí ó pé àádọ́ta ọdún tí ó kú, àwọn ènìyàn pàtàkì péjọ ní Ìbàdàn láti ṣe ìrántí rẹ̀.

Òkúta àti pátákó kò lè sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, ni Nàìjíríà ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó ti kú, nítorí ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970. Ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá, ni a ń lò tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá súnmọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń ṣe ìsìn pàtàkì, àwọn ajagunfẹ̀yìntì á wọ aṣọ wọn wá, a ó sì gbàdúrà fún àwọn opó. A rọ̀ yín kí ìsìn náà má parí síbi àdúrà. Ẹ wá àwọn opó ọmọ ogun tí ó wà ní àdúgbò yín, ẹ mọ ohun tí wọn yóò jẹ àti ilé ìwé tí àwọn ọmọ wọn ń lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan nínú Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi dìde sọ ìtàn Fájuyì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀kọ́ fún ìjọ

A kò sọ pé ẹni mímọ́ ni Fájuyì. Ológun ni, ó sì sìn nínú ìjọba tí ìbọn gbé wọlé. Bí ohun tí Adémóyèga kọ bá rí bẹ́ẹ̀, ó ní ìbéèrè tí yóò dáhùn níwájú Ẹlẹ́dàá nípa oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, bí gbogbo wa ti ní tiwa. Ṣùgbọ́n Bíbélì tí a ń kà kò kọ ìtàn àwọn tí kò ní àbùkù nìkan. Ó kọ ìtàn Ráhábù ará Jẹ́ríkò, tí àwọn ènìyàn kò ka ìwà rẹ̀ sí rere, ṣùgbọ́n tí ó dáàbò bo àwọn àlejò tí ó wọ ilé rẹ̀. Ó kọ ìtàn Lọ́tì tí ó jáde lọ bá àwọn èèyànkéèyàn lẹ́nu ọ̀nà nítorí àwọn tí ó wọ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí Olúwa wa sì sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nípa ìfẹ́ tí ó tóbi jù, nínú orí 15 ìwé Ìhìnrere Jòhánù, kò ṣòro fún ọmọ Adó kankan láti lóye.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ọ̀rọ̀ Danjuma. Ìlérí kan wà tí a ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà tí a kò lè mú ṣẹ, nítorí ẹni tí ó ṣe é kò ní agbára lórí àwọn tí ó kó wá. Ẹni tí ó bá tú ìbínú ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀ kò lè pàṣẹ ibi tí yóò dúró. Ó yẹ kí àwọn olóṣèlú wa máa rántí èyí nígbàkúùgbà tí ìbò bá ń bọ̀, tí wọ́n bá ń kó ọ̀dọ́ jọ.

Ẹ̀kọ́ kẹta jẹ́ ti ilé wa. Ilé onígbọ̀wọ́ ni ilé Èkìtì. Àlejò tí ó bá wọ Igbemo, ìrẹsì ilẹ̀ wa tàbí iyán ni a ó fi ṣe é lálejò, a kì yóò sì kọ́kọ́ bi í léèrè ẹ̀yà rẹ̀. Oúnjẹ nìkan kọ́ ni àlejò ń jẹ lọ́wọ́ onílé, ó ń gba ààbò pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ní ayálégbé tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tàbí òṣìṣẹ́ oko tí kò gbọ́ èdè wa, kí ó mọ̀ pé onígbọ̀wọ́ ni òun náà, ọjọ́ kan sì lè dé tí a óò wá kan ilẹ̀kùn òun.

Kí Ọlọ́run tu gbogbo ìdílé tí ó pàdánù ẹni wọn ní ọdún 1966 nínú, láti Àríwá dé Gúúsù. Kí ó má jẹ́ kí irú ọdún náà tún padà wá sí ilẹ̀ wa. Kí ó sì fún àwa náà ní ọkàn tí kò ní fi àlejò sílẹ̀ lọ́jọ́ ìpọ́njú. Àmín.